Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ọkọ̀ Ẹrù Ṣe Fàájì Lọ sí Erékùṣù Marquesas

Ọkọ̀ kan máa ń ṣí láti èbúté Papeete ní erékùṣù Tahiti, láàárín òkun Pàsífíìkì, Aranui lorúkọ rẹ̀. Ní èdè Tahiti, "ara" ni ọ̀nà, "nui" ni ńlá. Ọ̀nà Ńlá ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà sì ro ó, torí òun ni sìmẹ́ńtì, ìrẹsì, bíà, epo mọ́tò àti fìríìjì ń bá dé àwọn erékùṣù Marquesas, tí wọ́n jìnnà sí Papeete tó nǹkan bíi kìlómítà 1,400. Tó bá ń bọ̀, àgbọn gbígbẹ, ọsàn àti ẹja ló máa ń kó. Iwájú ọkọ̀ jẹ́ ti ẹrù, kíréènì dúró lé e lórí gàgàrà. Ẹ̀yìn jẹ́ ti èrò, ó ní yàrá, ilé oúnjẹ àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kékeré kan. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ báyìí, Aranui 5, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 126.

Ẹni tó bá fẹ́ rí apá Polynesia (àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì yìí) tó jìnnà sí ojú ọ̀nà, ọkọ̀ yìí ni mo máa ní kó wọ̀. Bí ọkọ̀ afẹ́ bá gúnlẹ̀ sí abúlé, àlejò ni ará abúlé ń retí. Bí Aranui bá gúnlẹ̀, gáàsì ìdáná wọn ni wọ́n ń retí, àlejò kàn bá gáàsì dé ni. Ojú tí wọ́n fi ń wò yín yàtọ̀. Ẹ ó jókòó sórí òkúta létí omi, ẹ ó máa wo bí bàbá kan ṣe ń ka páálí ẹrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò ní fà yín láṣọ pé kí ẹ wá ra nǹkan. Ẹni tó ní àsìkò, tó sì fẹ́ lo àsìkò náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ omi tí ẹ fẹ́ wọ̀

Polynesia tó wà lábẹ́ Faransé ní erékùṣù 118, wọ́n sì pín sí ìdì márùn-ún: Society, níbi tí Tahiti àti Bora Bora wà, Tuamotu, Gambier, Austral, àti Marquesas. Ẹ má wo bí wọ́n ṣe rí bíńtín lórí máàpù. Omi tó wà láàárín wọn fẹ̀ tó Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ èèyàn tó ń gbé gbogbo rẹ̀ kò tó 300,000.

Oríṣi ilẹ̀ méjì lẹ máa rí. Àwọn Tuamotu jẹ́ òkè oníná tó ti rì láti ìgbà ìwáṣẹ̀; iyùn tó hù yí wọn ká ló ṣẹ́ kù bí òrùka, ọ̀sà aláwọ̀ ojú ọ̀run wà láàárín òrùka náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga ju ìdúró èèyàn díẹ̀ lọ. Marquesas ní tiẹ̀ jẹ́ òkè gogoro tó gún láti inú òkun, kò sì ní òrùka iyùn tó máa dá ìgbì dúró. Ìgbì ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó sì ń lu àpáta tààrà. Ẹni tó bá ń wá etíkun funfun àti omi tó dúró jẹ́ẹ́, Tuamotu àti Bora Bora ni yóò ti rí i. Ní Marquesas, yanrìn dúdú, òkè aláwọ̀ ewé àti ẹṣin tó ń jẹko lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ ó bá pàdé. Èmi fẹ́ràn Marquesas jù, ẹ ó sì rí i nínú bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ọkọ̀ àti ibùsùn

Aranui nìkan kọ́ ló wà. Ọkọ̀ afẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Paul Gauguin máa ń yí Society ká, nígbà mìíràn ó máa ń dé Tuamotu àti Marquesas. Ìtura ibẹ̀ pọ̀ gan-an, owó rẹ̀ náà sì pọ̀. Àwọn mìíràn máa ń háyà ọkọ̀ onígbòkun ní Raiatea, pẹ̀lú awakọ̀ tàbí láìsí awakọ̀, èyí sì dára fún ẹbí tó bá fẹ́ dá wà.

Tí ẹ bá mú Aranui, ìrìn-àjò Marquesas máa ń gba tó ọjọ́ 12. Owó tí ẹ san ti kó ibùsùn, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, wáìnì ọ̀sán àti ti alẹ́, àti ọ̀pọ̀ ìrìn inú erékùṣù pọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ohun mímu níbi ọtí, àti lílúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi pẹ̀lú agolo afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé owó péréte ni. Ibùsùn tí owó rẹ̀ kéré jù wà nínú yàrá àjùmọ̀sùn. Lẹ́yìn náà ni yàrá onífèrèsé, kó tó wá kan yàrá tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ tó kọjú sí òkun.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú yàrá tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, tó sì súnmọ́ àárín ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń mì sókè mì sísàlẹ̀, imú àti ìrù rẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹ má náwó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òkè ọkọ̀ lẹ ó máa wà tọ̀sán-tòru. Èrò tó lè gbà ju 200 díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ti san àsansílẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mú àsìkò

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin ni òjò àti ìjì líle ń jà ní agbègbè Tahiti. Marquesas súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé débi pé ìjì ńlá kì í sábà dé ibẹ̀, àmọ́ Papeete lẹ ó ti gbéra, ibẹ̀ náà lẹ ó sì padà sí. Oṣù karùn-ún dé ìkẹwàá ló gbẹ. Ní oṣù keje, ayẹyẹ ijó tí wọ́n ń pè ní Heiva máa ń mú kí Papeete kún dẹ́nudẹ́nu, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì á sì wọ́n. Àárín oṣù keje sí ìkẹjọ ni afẹ́fẹ́ máa ń le, tí ọkọ̀ á sì máa jó. Oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ mú. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹja àbùùbùtán ti wà nítòsí Tahiti àti Moorea pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìwé, ìwé, ìwé

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Polynesia yìí jẹ́ ti Faransé, ṣùgbọ́n kò sí lára ilẹ̀ tí físà Schengen lásán ń ṣí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń ṣètò tèmi, ẹni tó ń bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì sọ fún mi pé Schengen ti tó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n gbéra tí mo tó mọ̀ pé kò tó. Mo ní láti sún gbogbo ètò síwájú, apá kan nínú owó mi sì wọgbó.

Ẹ̀yin tí ìwé ìrìnnà yín jẹ́ ti Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé lẹ ó ti béèrè físà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ kedere sínú fọ́ọ̀mù pé Polynésie française ni ẹ ń lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára físà náà gan-an pé ó wà fún ibẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kà á létí ibẹ̀ kí ẹ tó lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Kò sí bàálù tó ń ti ilẹ̀ wa lọ sí Tahiti tààrà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ni Paris, kí bàálù tún wá bà sí etí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà kó tó dà á kọ Papeete. Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lórí ilẹ̀ rẹ̀ láìní ìyọ̀ǹda. Bó jẹ́ wákàtí méjì péré lẹ fẹ́ lò ní pápákọ̀ òfuurufú wọn, ẹ ó yọjú sí àwọn aṣọ́bodè wọn, ẹ ó sì nílò físà. Paris náà ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, kódà tí kò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀. Nítorí náà, físà Amẹ́ríkà ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, torí òun ló ń pẹ́ jù, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan fún ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn ọmọ wa tó ní ìwé ìrìnnà Britain tàbí ti Amẹ́ríkà lè wọ Polynesia fún 90 ọjọ́ láìsí físà. Ẹni tó ní ti Britain ṣì gbọ́dọ̀ gba ESTA, ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé ìgbélùú nìkan ló ní ní London, tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà, kò sí nínú àǹfààní yìí.

Ẹ tún mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, torí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ tí ibà náà wà dé. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n yín. Ìwé adójútòfò tó kó gbígbé aláìsàn fi bàálù lọ mọ́ra ṣe pàtàkì gan-an: ilé ìwòsàn wà ní Taiohae ní Nuku Hiva, ṣùgbọ́n àìsàn tó bá le, Papeete ni wọ́n ń gbé e lọ. Fatu Hiva àti Tahuata kò ní pápákọ̀ òfuurufú rárá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó

Fáránsì CFP ni wọ́n ń ná. Wọ́n ti so ó mọ́ Yúrò: 1,000 fáránsì jẹ́ Yúrò 8.38, kò sì ń yí padà. Ẹ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM ní Papeete kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ sì gba èyí tó wẹ́wẹ́, torí ìyá tó ń ta aṣọ èèpo igi ní Fatu Hiva kò ní ṣẹ́ǹjì owó ńlá, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń gba káàdì. Báńkì tó wà ní Marquesas kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yín bá dé ni yóò ṣí. Káàdì tí ẹ fẹ́ lò, kó jẹ́ ti àkáǹtì dọ́là tàbí Yúrò. Ẹ má gbọ́kàn lé káàdì náírà. Wọn kì í retí owó ìdúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹrù díẹ̀

Ẹ má di ẹrù òde ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tó ń wọ kóòtù lórí ọkọ̀ náà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin márùn-ún tó, ẹ ó máa fọ̀ ọ́. Àwọn nǹkan tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ rèé: bàtà tó lè wọ omi, tí kò sì ní bọ́ lẹ́sẹ̀ (ẹja olóró kan wà tó rí bí òkúta gẹ́lẹ́, nílẹ̀ omi ló ń sùn sí), bàtà òkè tó gún dáadáa, àpò tí omi kò lè wọ̀ fún fóònù àti ìwé ìrìnnà, àkẹtẹ̀, òògùn èébì ojú omi, àti ìpara oòrùn. Awọ dúdú ń jóná lórí omi, ẹ má gbà á lọ́rọ̀ pé kì í jóná. Iná wọn jẹ́ fólítì 220, ihò rẹ̀ dà bíi ti Faransé, ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto, nítorí náà ṣáájà wa kò ní wọ̀ ọ́ láìsí àfikún.

Kantíkantí Marquesas, nono ni wọ́n ń pè é. Ó kéré débi pé ojú kì í tètè rí i, kì í sì í dún létí. Ẹ ó kàn rí i lọ́jọ́ kejì pé ẹsẹ̀ yín ti wú káàkiri. Ẹ má họ ọ́, torí híhọ ló ń sọ ọ́ di egbò. Òróró àgbọn olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní monoi ni àwọn onílé ń fi para, èmi náà sì fi para. Kò sí ibà ẹ̀fọn tiwa yìí ní gbogbo Polynesia náà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ọ̀sán wọn ń gbé ibà dẹ́ǹgì kiri.

Ẹ má di èso, ẹran tàbí irúgbìn kankan sínú àpò. Wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ kòkòrò àjèjì, wọ́n á sì gbà á.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dé Papeete ṣáájú

Ẹ dé ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú ọkọ̀. Ara ò lè ti ibi tí oòrùn ń là bọ́ sí ibi tó ti ń wọ̀ kó má fura: wákàtí 11 ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Tó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Ìbàdàn, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan náà ni ní Papeete. Ẹ lọ sí ọjà Papeete ní kùtùkùtù, kí ẹ ra òróró àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti páréò kan, ìyẹn aṣọ ìró tí tọkùnrin tobìnrin ń ró. Èbúté Motu Uta ni Aranui ń sùn sí, tákísì mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ orí omi

Tí ọkọ̀ bá kúrò ní Tahiti, ó sábà máa ń yà ní Tuamotu kan, bíi Fakarava tàbí Rangiroa. Ẹ wẹ̀ nínú ọ̀sà níbẹ̀, torí irú omi bẹ́ẹ̀ kò sí níwájú. Àkurákudà pọ̀ ní Fakarava, pàápàá ní ẹnu ọ̀nà omi tó wà ní gúúsù. Àwọn wọ̀nyí ti mọ èèyàn lójú, ẹ kàn má fún wọn lóúnjẹ, ẹ má sì fọwọ́ kàn wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, odindi ọjọ́ kan lẹ ó lò láìrí ilẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni òòyì máa ń kọ́ àwọn èèyàn. Ẹ lo òògùn kí ó tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ má fi inú òfìfo dúró, ẹ jáde síta kí ẹ máa wo ìlà tí òkun ti pàdé ọ̀run, ẹ má sì tẹ fóònù. Íntánẹ́ẹ̀tì ojú omi kò yá, owó ni, èmi sì pa tèmi títí a fi padà. Ẹ sún aago yín síwájú ní ìṣẹ́jú 30, torí aago Marquesas fi ààbọ̀ wákàtí ṣáájú ti Tahiti.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀

Ẹ rántí pé kò sí òrùka iyùn. Ní Omoa, ní Fatu Hiva, ọkọ̀ ńlá máa ń ju ìdákọ̀ró sí ojú omi, ọkọ̀ pẹlẹbẹ ló ń gbé èrò lọ sí etí ilẹ̀. Ẹ ó sọ àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ kékeré ń lọ sókè bí ìwọ̀n èèyàn kan, ó tún ń bọ̀ sísàlẹ̀. Ọkùnrin méjì dúró, ara wọn kún fún fínfín láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má na ọwọ́ sí wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di ìsàlẹ̀ ìgúnpá yín mú, kí ẹ̀yin náà di tiwọn mú, torí ọwọ́ lásán ń yọ̀. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní kí ẹ dúró. Ẹ dúró. Ìgbì á gbé ọkọ̀ wá pàdé ẹsẹ̀ yín, wọ́n á ní ó yá, ìgbà náà ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fò ṣáájú ọ̀rọ̀ wọn ló ń ṣubú. Àpò yín gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kí ọwọ́ méjèèjì ṣófo. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó sọ fún wọn. Mo rí i tí wọ́n gbé ìyá àgbà kan kọjá bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọn ò yára, wọn ò sì ju ìyá náà mì.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Láti erékùṣù dé erékùṣù

Erékùṣù mẹ́fà ni èèyàn ń gbé ní Marquesas, ọkọ̀ yìí sì ń dé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ètò ọjọ́ lè yí padà nítorí ìgbì tàbí ẹrù, ẹ má bá wọn jà sí i.

Nuku Hiva ló tóbi jù. Ní ọ̀nà Hatiheu, ẹ béèrè kí wọ́n mú yín dé ibi àwọn pèpéle òkúta àtijọ́, lábẹ́ igi ọ̀dán ńlá kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ń já bọ́ láti òkè. Ní àfonífojì Taipivai, Herman Melville, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tó sá kúrò nínú ọkọ̀ ọdẹ àbùùbùtán, sá pamọ́ síbẹ̀ ní 1842.

Ní Hiva Oa, àwọn àlejò máa ń gun òkè lọ sí itẹ́ òkú Atuona láti rí sàréè Paul Gauguin, ayàwòrán tó kú síbẹ̀ ní 1903, àti ti Jacques Brel, olórin Belgium tó kú ní 1978. Ẹ lọ tí ẹ bá fẹ́. Ní tèmi, ẹ jí lọ sí Puamau. Ère òkúta tí wọ́n ń pè ní Takaii wà níbẹ̀, ó ga ju mítà 2 lọ, ojú rẹ̀ roboto, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ère òkúta Èsìẹ́.

Ua Pou ni ti àwọn òkúta gogoro tó dà bí òpó ilé ọba, èyí tó ga jù nínú wọn lé ní mítà 1,200. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ òdòdó wà lára rẹ̀ ní ti ẹ̀dá. Ní Ua Huka, ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ lọ dúró sí òkè ọkọ̀. Ẹnu omi Vaipaee há, àpáta wà lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ sì ni ọ̀gá ọkọ̀ ti máa ń yí gbogbo mítà 126 náà padà. Àwọn ọmọ ọkọ̀ á fi ọkọ̀ kékeré gbé okùn lọ so mọ́ àpáta. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà.

Tahuata kéré jù nínú wọn. Vaitahu, abúlé rẹ̀, ni ọmọ Spain kan, Mendaña, gúnlẹ̀ sí ní 1595, tó sì fi orúkọ oyè ọ̀gá rẹ̀ ní Peru sọ àwọn erékùṣù náà. Àwọn onílé ní orúkọ tiwọn: Te Henua Enata, Ilẹ̀ Àwọn Èèyàn. Orúkọ yìí ni UNESCO fi kọ wọ́n sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2024.

Fatu Hiva ni mo fi ọkàn sí jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Omoa dé Hanavave, kìlómítà 17, òkè lọ, òkè bọ̀. Àwọn yòókù á bá ọkọ̀ lọ pàdé wọn. Èmi ò rìn ín. Mo jókòó ti ìyá kan tó ń lu èèpo igi. Ó bó awọ inú igi náà, ó gbé e lé igi gbọọrọ kan, ó sì fi òǹlù onígun mẹ́rin lù ú. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu aṣọ òkè kó lè dán. Èèpo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ níwájú mi títí ó fi tó ìborùn. Nígbà tó sinmi, ó tú ìdìpọ̀ ewé olóòórùn tó fi so irun rẹ̀, ewé kan nínú rẹ̀ ń ta sánsán bí efinrin, ó sì ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Umuhei ni wọ́n ń pè é.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Oúnjẹ

Ẹ pàdé ẹbí. Igi tí wọ́n ń pè ní mei ní Marquesas àti uru ní Tahiti, òun náà ni gbẹ̀rẹ̀fútù tí wọ́n ń jẹ ní Ifẹ̀, òun náà ni òpópónà Breadfruit ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti òkun yìí ló ti tàn ká ayé. William Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ ọmọ Britain, ló fi ọkọ̀ kó èhù rẹ̀ kúrò ní Tahiti lọ sí Karibíánì, ó sì gbé e dé ní 1793. Ní Marquesas, wọ́n máa ń bò ó mọ́ inú kòtò títí á fi kan bí ògì, èyí ni wọ́n ń fi pamọ́ de ìgbà ìyàn. Wọ́n á wá fi ọmọ odó òkúta gún un pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ó di popoi. Ẹni tó ti jẹ iyán gbẹ̀rẹ̀fútù kò ní bẹ̀rù rẹ̀, ìkan rẹ̀ nìkan ló lágbára. Kókò wà, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sè nínú ilẹ̀ gbígbóná wà, ẹja tútù tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti wàrà àgbọn pò náà wà. Ẹ jẹ ẹ́. Ẹja inú iyùn nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: àwọn kan ní májèlé tí sísè kì í pa, torí náà ẹ má ra ẹja lójú ọ̀nà láìbi onílé léèrè.

Ìgbésẹ̀ kejìlá: Ojúbọ àti ara fínfín

Tí ẹ bá wọ me'ae, ojúbọ àtijọ́ wọn, ẹ má gun òkúta, ẹ má jókòó lé e, ẹ má gbé ọwọ́ lé orí ère láti ya fọ́tò. Èèwọ̀ ni. Tapu ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Polynesia yìí sì ni àwọn Òyìnbó mú lọ, tó di "taboo" lẹ́nu wọn. Ẹ wo bí pèpéle ilé ṣe pọ̀ nínú igbó tí kò sẹ́nìkan tó ń gbé ibẹ̀. Àìsàn tí ọkọ̀ àjèjì gbé wá pa wọ́n débi pé ní àwọn ọdún 1920, bíi 2,000 péré ni gbogbo wọn ṣẹ́ kù, láti inú ẹgbẹẹgbàárùn-ún. Ẹ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ sì kí wọn ní èdè wọn: "Kaoha" ní Marquesas, "Ia ora na" ní Tahiti.

Fínfín ara náà, àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba Faransé fi òfin dè é ní ọ̀rúndún 19. Àwòrán tí Karl von den Steinen, ọmọ Jámánì, yà sílẹ̀ ní 1897 sí 1898 wà lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi jí i dìde ní àwọn ọdún 1980. Tí ẹ bá fẹ́ fín, ẹ bi afínra pé kí ni àmì náà ń sọ, kí ẹ sọ ìtàn tiyín fún un, kó yan èyí tó bá yín mu. Ẹ ṣe é ní ìparí ìrìn-àjò, torí ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín kò gbọdọ̀ wọ inú òkun.

Ìgbésẹ̀ kẹtàlá: Kí ẹ tó padà

Ọwọ́ ẹni tó ṣe nǹkan ni kí ẹ ti rà á, ní abúlé rẹ̀: aṣọ èèpo igi ní Fatu Hiva, egungun gbígbẹ́ ní Hapatoni ní Tahuata, igi gbígbẹ́ ní Ua Huka. Wọn kì í nájà. Iye tí wọ́n pè ni iye rẹ̀. Péálì dúdú, Tuamotu tàbí Papeete, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Lálẹ́ tó kẹ́yìn, òórùn àgbọn gbígbẹ á ti gba iwájú ọkọ̀, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀. Àwọn ọmọ ọkọ̀ á gbé gìtá àti ukulele jáde. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó ń ṣí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín, torí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù aráàlú lè pẹ́ kí ó tó dé.